Lójú Gbogbo Ènìyàn Ni Kí Ẹ Ti Ra Ilẹ̀

Fún kíkà nínú ilé: Gẹ́nẹ́sísì orí 23, Jeremáyà 32:6-15

  

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ sọ lóṣù yìí. N kò ṣàdédé mú un. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ìdílé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wá bá mi nítorí ilẹ̀. Ìdílé kìíní ti sanwó tán, wọn kò sì rí ẹni tí ó gba owó náà mọ́. Ìdílé kejì rí ilẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ilé ẹlòmíràn ni ó wà lórí rẹ̀, ó ti dé ojú fèrèsé. Ìdílé kẹta kò tíì sanwó. Ohun tí wọ́n wá bẹ̀ mí fún ni pé kí n bá wọn lọ da òróró sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ náà, kí ọ̀tá má baà gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́.

Mo bi wọ́n pé, "Ìwé ilẹ̀ náà ńkọ́?" Wọ́n ní alágbàtà sọ pé ìwé ń bọ̀. Mo ní, "Ta ni ó ń tà á?" Wọ́n ní arákùnrin kan ni, pé ẹni Ọlọ́run ni. Mo ní, "Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a gbé òróró sílẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ wádìí." Ojú ọkọ yí padà. Ó ní, "Pásítọ̀, ṣé ẹ̀yin náà kò ní ìgbàgbọ́ mọ́ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. N kò bínú sí i. Irú ìgbàgbọ́ tí ó ń sọ yẹn, èmi náà ti ní i rí. Owó tí a fi ọdún mẹ́ta kó jọ ni ó gbà lọ́wọ́ mi.

OHUN TÍ OJÚ TIWA RÍ

Ní ọdún 2001, yàrá méjì ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé ní ẹ̀yìn Táíwò Road, ní Ìlọrin níbí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Táíwò, láti Táíwò Ìsàlẹ̀ títí dé Táíwò Òkè, ẹ mọ̀ pé ibi òwò ni. Ìsọ̀ ni níwájú, ìsọ̀ ni lẹ́gbẹ̀ẹ́, jẹnẹrétọ̀ ń dún láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ó rọrùn fún ìyàwó mi nítorí pé aṣọ ni ó ń tà, ibi tí ó ti ń tà á kò sì jìnnà. Ṣùgbọ́n ìdílé mẹ́jọ ni ó ń lo balùwẹ̀ kan ṣoṣo, àwọn ọmọ kò sì ní ibi tí wọ́n lè ṣeré sí bí kò ṣe ẹ̀bá títì. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá àkọ́bí wa, Tolú, ni ìyàwó mi sọ pé, "Bàbá Tolú, ó ti tó àkókò kí a ní ilé tiwa."

A bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó jọ. Ìyàwó mi ń dá àjọ, èmi ń yọ díẹ̀ díẹ̀ nínú ohun tí ó ń wọlé fún mi. Ọdún mẹ́ta ni ó gbà wá. Ní 2004, arákùnrin kan tí a jọ máa ń gbàdúrà sọ fún mi pé òun mọ ilẹ̀ kan tí ó dára ní ẹ̀yìn ìlú. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni ọmọ onílẹ̀. Ó ní ẹlòmíràn ti ń gbé owó bọ̀, nítorí náà kí n yára. Mo yára. Mo lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wo koríko, mo gbàdúrà, mo sanwó. Wọ́n fún mi ní rìsíìtì tí wọ́n kọ sí ojú ewé kan tí wọ́n ya nínú ìwé ọmọ ilé-ìwé. N kò mú ìyàwó mi dání. Mo fẹ́ kí ó bá a lójijì, kí inú rẹ̀ lè dùn.

Inú rẹ̀ dùn fún oṣù mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí a kó yanrìn lọ, ìpìlẹ̀ ẹlòmíràn ni a bá níbẹ̀. Ẹni tí ó ni ìpìlẹ̀ náà mú ìwé tirẹ̀ jáde. Olórí ẹbí ti fọwọ́ sí i, àwọn àgbà ẹbí ti fọwọ́ sí i, lọ́yà ti fọwọ́ sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gba owó lọ́wọ́ mi, ọmọ ẹbí náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹbí kò rán an níṣẹ́. Ó ti kúrò nílùú. Arákùnrin tí ó mú mi lọ ní òun náà kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín. Owó náà dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tí ìyàwó mi sọ lálẹ́ ọjọ́ náà ni ó dùn mí jù. Kò pariwo. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Bàbá Tolú, ká ní ẹ mú mi dání ni, ǹ bá ti bi àwọn obìnrin tó ń pọn omi níbẹ̀. Obìnrin tó ń pọn omi ládùúgbò mọ ẹni tó ni ilẹ̀." N kò rí èsì fún un. Owó àjọ rẹ̀ ni mo fi ra ohun tí n kò jẹ́ kí ó fi ojú rí.

BÍ ÀWỌN BÀBÁ ÌGBÀGBỌ́ ṢE RA ILẸ̀

Lẹ́yìn èyí ni mo tún Gẹ́nẹ́sísì orí 23 kà. Mo ti kà á ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo sì yege nínú ìdánwò rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì kà á bí ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ rí.

Ọlọ́run ti ṣèlérí gbogbo ilẹ̀ Kénáánì fún Ábúráhámù. Bí ẹnì kan bá wà tí ó lè na ọwọ́ sí ilẹ̀ kí ó sì sọ pé, "Tèmi ni, Ọlọ́run ti fi fún mi," òun ni. Síbẹ̀, nígbà tí Sárà kú tí ó sì fẹ́ ibi tí yóò sin ín sí, ẹnu ibodè ìlú ni ó lọ, níbi tí àwọn àgbà ìlú ń jókòó sí. Ó tẹríba fún wọn. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun bá Éfúrónì, ẹni tí ó ni ilẹ̀, sọ̀rọ̀. Éfúrónì ní òun fi ta á lọ́rẹ. Ábúráhámù kò gba ọ̀fẹ́. Ó wọn irínwó ṣékélì fàdákà lójú gbogbo wọn, ní ìwọ̀n tí àwọn oníṣòwò ń lò. Ẹ wá wo bí Bíbélì ṣe to ohun tí ó rà: ó ka oko, ó ka ihò àpáta inú rẹ̀, ó ka àwọn igi tí ó wà títí dé ààlà rẹ̀. Bí kì í bá ṣe sọ́fè nìyẹn, kí ni?

Ẹ tún wo Jeremáyà. Ogun Bábílónì ti yí Jerúsálẹ́mù ká, òun fúnra rẹ̀ wà ní àtìmọ́lé, nígbà tí Hánámélì, ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀, wá ta oko kan fún un ní Ánátótì. Ọlọ́run ti sọ fún un ṣáájú pé yóò wá. Ṣékélì mẹ́tàdínlógún ni owó rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé Olúwa fúnra rẹ̀ ni ó ní kí ó rà á, síbẹ̀ wòlíì náà kò fo ìwé. Ó kọ ọ́, ó fi èdìdì dì í, ó pe ẹlẹ́rìí, ó wọn owó. Ẹ̀dà méjì ni ìwé náà, ọ̀kan tí a dì, ọ̀kan tí a ṣí sílẹ̀. Ó kó wọn fún Bárúkù lójú gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀, ó ní kí wọ́n fi sínú ìkòkò amọ̀ kí ó lè pẹ́.

Ṣé a rí i báyìí? Ẹni tí ó ní ìlérí lọ sí ẹnu ibodè. Ẹni tí ó ní àsọtẹ́lẹ̀ pe ẹlẹ́rìí. Èmi tí n kò ní ju ọ̀rọ̀ ẹnu arákùnrin kan lọ, mo lọ ní ìrọ̀lẹ́, èmi nìkan. Àwọn bàbá wa bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń yọ́ ilẹ̀ dà, ohun burúkú a máa yọ́ ni ṣe. Mo wá mọ̀ pé bí a bá ń yọ́ ilẹ̀ rà náà, bákan náà ni.

ỌWỌ́ MẸ́TA TÍ Ó WÀ LÓRÍ ILẸ̀ KAN

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti ilé wa níbí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní ẹ̀yìn Ìlọrin gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọwọ́ mẹ́ta ni ó wà lórí plọ́ọ̀tì kan ṣoṣo.

Ọwọ́ kìíní ni ti ẹbí. Láti ayébáyé, ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ti ẹnì kan. Ti ẹbí ni, àti ti àwọn tí a kò tíì bí. Ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tí ó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù gbà bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1921, nínú ẹjọ́ tí Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa ti Èkó, pe ìjọba. Nítorí náà, bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ pé olórí ẹbí mọ̀ sí i, òfin kò ka títà náà sí rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìsọ fún àwọn àgbà yòókù, àwọn yẹn lè lọ sí ilé-ẹjọ́ kí wọ́n sì dá a dúró. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyẹn, òfin náà sì ti wà kí wọ́n tó bí mi.

Ọwọ́ kejì ni ti ìjọba. Agbègbè Àríwá ni Ìlọrin wà tẹ́lẹ̀, títí di ọdún 1967 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti Àríwá, ti ọdún 1962, sì ti fi ilẹ̀ sí abẹ́ àṣẹ ìjọba níbẹ̀ kí ó tó kan Èkó àti Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni Òfin Lílo Ilẹ̀ dé ní oṣù kẹta ọdún 1978, tí ó kan gbogbo Nàìjíríà. Òfin náà sọ pé ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ìwé tí à ń pè ní C of O, àṣẹ láti lo ilẹ̀ fún iye ọdún kan ni, ó sábà máa ń jẹ́ ọdún 99. Ẹni tí ó bá ní i kò gbọdọ̀ tà á láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà. Bí ìjọba bá sì ní iṣẹ́ tí yóò ṣe gbogbo ìlú láǹfààní, bí ọ̀nà tàbí omi, ó lè gba ilẹ̀ náà padà. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí àwọn alágbàtà ń tà pẹ̀lú ẹ̀rín, ìjọba ti fi àmì sí i pé òun yóò lò ó.

Ọwọ́ kẹta ni ti àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ àdúgbò wa: Gáà-Àkànbí, Gáà-Ìmáàmù. Ibùdó àwọn Fúlàní darandaran ni à ń pè ní gáà, ilé ni ó sì kún ibẹ̀ lónìí. Ẹ wo ọ̀nà Tánkẹ. Ọdún 1975 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí ibùdó rẹ̀ títí láé ní 1982, gbogbo ilẹ̀ oko ojú ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ sí í di ilé. Bí ìlú ṣe ń fẹjú nìyẹn. Kò sí ilẹ̀ tí a bá tí ẹnì kan kò ti mọ ìtàn rẹ̀. Ẹni tí ó ń dá oko níbẹ̀, ẹni tí ó ń da ẹran gba ibẹ̀, obìnrin tí ó ń pọn omi níbẹ̀, ìwé ìtàn ni wọ́n.

Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ náà mọ èyí. Ní ọdún 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba lórí ilẹ̀ kan ní Wàrí, ó to ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìwé jẹ́ ọ̀kan. Ìtàn ìran jẹ́ ọ̀kan. Lílo ilẹ̀ bí onílẹ̀, pípẹ́ lórí ilẹ̀, àti níní ilẹ̀ tí ó fi ara kàn án, àwọn ni mẹ́ta yòókù. Ẹ rí i pé nínú márùn-ún, ọ̀kan péré ni ìwé. Èyí tí ó kù, aládùúgbò ni yóò jẹ́rìí sí i.

Nígbà tí a tún rí owó kó jọ ní 2008, ìyàwó mi ni ó ṣáájú. Ilẹ̀ kan wà tí ó wù mí gidigidi. Ìyàwó mi lọ ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ obìnrin kan ní ẹ̀bá ibẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, obìnrin náà ní kí a lọ rí bàbá kan tí ó máa ń jókòó ní iwájú mọ́sálásí. A lọ kí bàbá àgbàlagbà náà, a kúnlẹ̀. Alhaji bi mí pé, "Pásítọ̀, ta ló fẹ́ tà á fún yín?" Mo dárúkọ ẹni náà. Bàbá mi orí, wọ́n ní, "Ẹ má rà á o. Ẹjọ́ rẹ̀ wà ní kóòtù láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè dúró, ilẹ̀ kan wà ní apá ọ̀hún tí ẹbí fẹ́ tà. Mo mọ mágàjí wọn."

Ẹni tí ó ń sọ halelúyà ni ó mú mi lọ sí ibi tí owó mi ti ṣègbé. Alhaji tí n kò mọ̀ rí ni ó gbà mí sílẹ̀. N kò sọ ọ́ láti bú ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé ohùn àdúrà kì í ṣe ìwé ilẹ̀.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN KÍ OWÓ TÓ KÚRÒ LỌ́WỌ́ YÍN

1. Ta ni ó ń tà á? Ẹ rí olórí ẹbí lójúkojú, ẹni tí ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Ìlọrin ń pè ní mágàjí. Ẹ rí àwọn àgbà ẹbí pẹ̀lú. Kí gbogbo wọn fọwọ́ sí ìwé, kí a sì ya fọ́tò wọn. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, ẹ ka ìwé náà fún un ní Yorùbá kí ó tó tẹ̀ka. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ń ta ilẹ̀ ni, ẹ béèrè ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà fi ra tirẹ̀.

2. Kí ni ìwé rẹ̀ sọ, kí sì ni ọ́fíìsì ilẹ̀ sọ? Ẹ má ṣe jẹ́ kí lọ́yà ẹni tí ń tà tún jẹ́ lọ́yà yín. Ẹ gba lọ́yà tiyín, kí ó lọ yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì ìjọba. Ẹ gba awọnlẹ̀ tí ó ní àṣẹ, kí ó lọ wò ó bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sí inú èyí tí ìjọba ti fi àmì sí. Ẹ rántí pé sọ́fè máa ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà àti bí ó ṣe tóbi tó. Kò sọ ẹni tí ó ni ín.

3. Ṣé ẹjọ́ wà lórí rẹ̀? Ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ tí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀, ìdájọ́ tí ó bá mú ẹni tí ó tà á yóò mú òun náà.

4. Báwo ni ilẹ̀ náà ṣe rí nígbà òjò? Ilẹ̀ tí ẹ rí ní oṣù kejì, ẹ padà lọ wò ó ní oṣù kẹsàn-án. Odò Asà àti àwọn ìṣàn tí ń wọ inú rẹ̀ kò gbàgbé ọ̀nà wọn nítorí pé a kọ́lé síbẹ̀. Ẹ lọ ní àárọ̀, ẹ lọ ní alẹ́. Ẹ wo bí wáyà iná ńlá ṣe kọjá. Ẹ béèrè bí kànga ṣe jìn tó, ibi tí ilé-ìwé wà, àti iye tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ dé ọjà.

5. Èló ni yóò jẹ́ nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí? Jésù Olúwa wa sọ̀rọ̀ ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, pé yóò kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó. Owó ilẹ̀ nìkan kọ́ ni owó ilẹ̀. Owó lọ́yà wà níbẹ̀, owó awọnlẹ̀, owó alágbàtà, owó ẹbí, owó ìyọ̀ǹda gómìnà àti ti ìforúkọsílẹ̀. Ẹ má ṣe mú owó ilé-ìwé ọmọ kún un. Ẹ má sì ṣe mú owó ẹgbẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ yín kún un ní ìkọ̀kọ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nígbà tí ìdáhùn bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sanwó nípasẹ̀ báńkì, ní ọ̀sán, lójú ẹlẹ́rìí. Rìsíìtì ń fi hàn pé ẹ sanwó, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Kí lọ́yà kọ ìwé àdéhùn, kí ìjọba lu òǹtẹ̀ rẹ̀, kí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń lé yín pé kí ẹ yára, ẹ bi í pé kí ni ń lé òun náà.

ORÚKỌ TA NI Ó WÀ NÍNÚ ÌWÉ?

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ fún mi ní etí yín níbí yìí. Mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ opó tí ó bá ọkọ rẹ̀ ru búlọ́ọ̀kù, tí ó ta wúrà rẹ̀ kí wọ́n lè kan páànù, tí àwọn ẹbí ọkọ sì ní kí ó kó jáde kí ogójì ọjọ́ tó pé. Wọ́n ní ilé ọmọ àwọn ni. Orúkọ ọkọ nìkan ni ó wà nínú ìwé.

Àṣà Yorùbá kò fún aya ní ogún ọkọ rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ìgbà náà sọ ọ́ kedere ní ọdún 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu. Fún ẹni tí ó ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, ọ̀nà mìíràn wà, ṣùgbọ́n ó lè ná opó ní ọ̀pọ̀ ọdún ní kóòtù kí ó tó rí i gbà. Kí ló dé tí ẹ ó fi ìyàwó yín sílẹ̀ fún kóòtù nígbà tí ẹ lè kọ orúkọ méjì sí ìwé kan lónìí? Ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ ìwé ìhágún pẹ̀lú, kí lọ́yà sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Kíkọ ìwé ìhágún kì í pa ènìyàn. Ẹ sì fi ibi tí ìwé ilẹ̀ wà han ara yín. Ìkòkò amọ̀ tí Jeremáyà lò, Bárúkù mọ ibi tí ó wà.

Nígbà tí a ra tiwa ní 2008, orúkọ ìyàwó mi ni mo ní kí lọ́yà kọ ṣáájú. Lọ́yà wo ojú mi. Mo ní, "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òun ni ó wádìí rẹ̀."

LẸ́YÌN TÍ A BÁ KÓ LỌ

Ẹ̀yìn ìlú kì í ṣe párádísè. Nígbà tí a kó kúrò ní Táíwò, ọdún méjì ni a fi ń pọn omi ní kànga aládùúgbò kí a tó gbẹ́ tiwa. Ní àkọ́kọ́, ìyàwó mi ń sọkún ọ̀nà ọjà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ní ibi tí wọ́n ń sáré sí, a sì ń gbọ́ ohùn ara wa nígbà tí a bá ń jẹun.

Mósè pa á láṣẹ pé ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun kí ó mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣubú láti orí rẹ̀. Ó ń sọ fún wa pé ilé wa kan ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ bo kànga yín. Ẹ má ṣe darí omi gọ́tà yín sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe ti òkúta ààlà kúrò ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan, Ìwé Òwe kìlọ̀ fún wa. Ẹ lọ sí ìpàdé àwọn onílé, ẹ san owó iná àti owó ọlọ́dẹ ní àkókò.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà fún àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run. A kì í ra ilé láàárín àwọn tí ń sùn kí a sì gbé gbohùngbohùn mẹ́rin kọjú sí fèrèsé wọn ní òru. Èmi náà ṣe é nígbà kan. Alhaji, bàbá kan náà tí mo sọ, ni ó wá kí mi ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò bínú. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ kú iṣẹ́ àná. Ìyá arúgbó mi kò sùn." Ó tó bẹ́ẹ̀. A yí gbohùngbohùn sínú, a sì dín ohùn rẹ̀ kù. Nígbà tí ìyá náà kú, àwa ni a gbé àga àti ìbòòrùn wa fún wọn lò.

ÌDÍLÉ KẸTA

Ẹ óò fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìdílé tí ó fẹ́ òróró já sí. Wọ́n bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lọ. Ìyàwó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé ibẹ̀, ọkọ mú lọ́yà lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí wọ́n fi padà wá. Ilẹ̀ náà bọ́ sí ojú ọ̀nà tí ìjọba fẹ́ là, ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ti tà á fún. Owó ọkọ̀ àti owó lọ́yà nìkan ni wọ́n ná. Ọkọ dì mọ́ mi, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ ṣáà tọ́jú òróró yẹn o. A ṣì ń wá òmíràn."

Mo tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí èyí tí ìwé rẹ̀ pé, tí ẹbí jókòó, tí aládùúgbò jẹ́rìí, tí orúkọ àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀, n óò lọ, a ó sì dúpẹ́ lórí ilẹ̀ náà ní ọ̀sán gangan.

Kí Olúwa fún ẹ̀yin tí ń wá ilé ní sùúrù. Kí ó dá owó àwọn tí a ti rẹ́ jẹ padà ní ọ̀nà tí ó yà wọ́n lẹ́nu. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ilé tí a kọ́ di ohun tí àwọn ọmọ wa yóò máa bá ara wọn jà sí. Àmín.

Ẹ JỌ JÍRÒRÒ RẸ̀ NÍLÉ

1. Níbo ni ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé ilé wa wà? Ta ni ó mọ ibẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ó fi í síbẹ̀?

2. Orúkọ ta ni ó wà nínú rẹ̀? Ṣé ó yẹ kí a fi òmíràn kún un?

3. Nínú àwọn aládùúgbò wa, ta ni a kò tíì kí láti ìgbà tí a ti kó dé? Ọjọ́ wo ni a ó lọ kí i?